Countdown: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìdíje Ọ̀rọ̀ àti Nọ́ńbà Láàárín Àwọn Ọ̀jáfáfá

Àwọn ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè léraléra nípa ètò yìí ni a kó jọ síbí. Àwọn tí ó rọrùn ni ó ṣíwájú, àwọn tí ó ta kókó ni ó gbẹ̀yìn.

Kí ni Countdown, níbo ni ó sì ti ṣẹ̀ wá?

Countdown jẹ́ ètò ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn méjì ni wọ́n ń figa gbága: wọ́n á fi lẹ́tà mẹ́sàn-án wá ọ̀rọ̀ tí ó bá gùn jù lọ, wọ́n á sì fi nọ́ńbà mẹ́fà ṣe ìṣirò títí wọn yóò fi dé orí iye kan tí ẹ̀rọ gbé jáde. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá péré ni aago ńlá tí ó wà lẹ́yìn wọn ń fún wọn, orin tí Alan Hawkshaw ṣe ni ó sì ń bá aago náà rìn. Ẹni tí ó bá ti wo ètò yìí lẹ́ẹ̀mejì ti mọ bí orin náà ṣe ń parí, àyà olùdíje a sì máa já nígbà tí ó bá ń parí.

Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1982 ni ó kọ́kọ́ jáde, òun sì ni ètò àkọ́kọ́ tí Channel 4 gbé sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí iléeṣẹ́ náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni ó ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Armand Jammot ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé láti ọdún 1965. Ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń wá níbẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1972 ni wọ́n tó fi ìṣirò kún un, tí orúkọ rẹ̀ sì wá di Des chiffres et des lettres.

Àwọn wo ni wọ́n ń darí ètò náà?

Richard Whiteley ni atọ́kùn rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí ó fi kú ní oṣù kẹfà ọdún 2005. Carol Vorderman ni ó ń bójú tó nọ́ńbà títí di ọdún 2008, Rachel Riley sì gba ipò rẹ̀ ní 2009. Lẹ́yìn Whiteley, Des Lynam, Des O'Connor, Jeff Stelling, Nick Hewer, Anne Robinson àti Colin Murray ni wọ́n ti ṣe atọ́kùn tẹ̀ léra wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀jáfáfá olùdíje ń wò lójú jù kì í ṣe atọ́kùn. Susie Dent ni, tí ó ti ń jókòó ti ìwé atúmọ̀-èdè láti ọdún 1992. Bí ó bá ti mi orí pé ọ̀rọ̀ kan kò sí nínú ìwé, kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́.

Abala mélòó ni ó wà nínú eré kan?

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni: abala lẹ́tà mẹ́wàá, abala nọ́ńbà mẹ́rin, àti àlọ́ kan ṣoṣo ní ìparí. Kí ó tó di ọdún 2001, abala mẹ́sàn-án péré ni eré lásán máa ń ní. Nítorí náà, kò tọ́ kí a gbé máàkì ẹni tí ó díje ní ọdún 1990 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹni tí ó díje lónìí kí a sì sọ pé ti òde òní ló mọ̀ jù.

Báwo ni abala lẹ́tà ṣe ń lọ?

Òkìtì káàdì méjì ni ó wà nílẹ̀, ọ̀kan fún fáwẹ̀lì, èkejì fún kọ́ńsónáǹtì. Olùdíje tí ó kàn yóò máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láìmọ lẹ́tà tí yóò jáde, títí yóò fi pé mẹ́sàn-án. Fáwẹ̀lì kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́ta, kọ́ńsónáǹtì kò sì gbọdọ̀ dín ní mẹ́rin. Bí aago bá ti dúró, ẹni tí ó ṣa lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ sọ iye lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní, ẹnì kejì á sọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó wá dárúkọ ọ̀rọ̀ gan-an.

Lẹ́tà kan, máàkì kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gba 18. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn jù nìkan ni ó ń gba máàkì, bí gígùn wọn bá sì dọ́gba, àwọn méjèèjì ni wọ́n gbà á. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé A, E, I, R, T, S, N, G àti L ni ó jáde. Ẹnì kan rí RELATING, inú rẹ̀ dùn, ó ní mẹ́jọ. Ẹnì kejì ní mẹ́sàn-án, ó pe TRIANGLES. Ẹni àkọ́kọ́ yẹn kò ṣe àṣìṣe kankan, síbẹ̀ òdo ni ó gbà, alátakò rẹ̀ sì ti fi máàkì 18 ṣíwájú rẹ̀.

Báwo ni ti nọ́ńbà?

Nọ́ńbà ńlá mẹ́rin ni ó wà, àwọn ni 25, 50, 75 àti 100. Ogún ni nọ́ńbà kékeré, láti 1 dé 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wà ní méjì méjì. Olùdíje yóò sọ iye ńlá àti kékeré tí òun fẹ́, wọ́n á ṣí mẹ́fà fún un, ẹ̀rọ tí wọ́n sọ ní CECIL yóò sì gbé iye kan jáde láàárín 100 sí 999. Ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín nìkan ni a gbà láàyè. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a kò sì gbọdọ̀ kan ìdá rárá. Kò pọn dandan kí a lo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Bí wọ́n bá ṣí 75, 9, 8, 7, 4 àti 2, tí iye tí a ń wá sì jẹ́ 613, a ó sọ 75 di ọ̀nà 8 kí ó di 600, a ó fi 9 àti 4 kún un, ó parí. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ gẹ́lẹ́ gba 10. Ẹni tí ó bá fi ohun tí kò ju 5 lọ jìnnà sí i gba 7, ẹni tí ó bá fi 6 sí 10 jìnnà sí i gba 5. Àmọ́ ẹni tí ó súnmọ́ ọn jù nìkan ni ó ń gba nǹkan, àyàfi bí wọ́n bá dọ́gba.

Kí ni àlọ́ ìparí náà?

Conundrum ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́sàn-án kan ni wọ́n ti da lẹ́tà rẹ̀ rú, tí wọ́n sì máa ń tò ó kí ó lè jọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá kọ PLACESAND sójú pátákó, LANDSCAPE ni ìdáhùn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì ni ó ń dáhùn, máàkì 10 ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni olùdíje kọ̀ọ̀kan sì lè gbìyànjú. Bí ó bá kùnà, gbogbo ìṣẹ́jú àáyá tí ó kù di ti alátakò rẹ̀.

Àwọn tí ń ṣètò àlọ́ yìí a máa sá fún ọ̀rọ̀ tí ó ní ìbejì. EDUCATION, fún àpẹẹrẹ, kò wúlò fún wọn, nítorí lẹ́tà rẹ̀ kan náà ni ó bí AUCTIONED àti CAUTIONED.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń di ògbóǹtarìgì níbẹ̀?

Ẹni tí ó bá borí yóò padà wá nínú eré tí ó tẹ̀ lé e láti kojú ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ẹnì kan yóò fi lé e kúrò lórí àga. Bí ó bá borí lẹ́ẹ̀mẹjọ, wọ́n á ní kí ó lọ sinmi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ́gun rẹ̀. Octochamp ni orúkọ oyè rẹ̀. Ní òpin sáà, àwọn mẹ́jọ tí ó ta yọ jù ni wọ́n ń pè padà. Iye eré tí wọ́n borí ni wọ́n fi ń tò wọ́n, lẹ́yìn náà àpapọ̀ máàkì. Ẹni kìíní yóò kojú ẹni kẹjọ, títí tí yóò fi ku méjì fún àṣekágbá.

Láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n tún máa ń kó àwọn tí wọ́n ti gba sáà tiwọn jọ láti bá ara wọn jà. Harvey Freeman ni ó borí nínú irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1996. Conor Travers, tí ó gba sáà tirẹ̀ ní 2006 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, padà wá borí nínú èyí tí wọ́n fi ṣàmì ọgbọ̀n ọdún ètò náà, Jack Hurst ni ó sì kojú ní àṣekágbá.

Èló ni ẹni tí ó borí ń gbà?

Kò gba owó. Ìkòkò tíì ni wọ́n ń fún un, èyí tí wọ́n kọ orúkọ ètò náà sí lára. Kò sí ní ọjà, nítorí náà ẹni tí ó bá ní in nílé ti borí lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán.

Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n gbà, èwo ni wọn kò gbà?

Oxford Dictionary of English ni òfin. Ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀, ohun tí kò bá sí níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ pé gbogbo ayé ń sọ ọ́. Ìwé tí a tẹ̀ ni wọ́n ń ṣí tẹ́lẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń wò ó báyìí. Orúkọ ènìyàn àti ti ìlú kò wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a fi àmì ìsopọ̀ dè pọ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ ni àfikún ìparí. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé S lè sọ ọ̀rọ̀-orúkọ di ọ̀pọ̀, pé ING àti ED sì lè tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe ni a lè fi ER sí ní ìdí kí ó di orúkọ ẹni tí ń ṣe nǹkan náà. Ìwé gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe onísílébù kan lè gba ER àti EST láìsí wàhálà, àmọ́ bí sílébù rẹ̀ bá ti di méjì, àfi kí ìwé sọ pé ó gbà á. Olùdíje tí kò bá kọ́ ìyàtọ̀ yìí lórí yóò máa pàdánù máàkì mẹ́jọ mẹ́jọ lórí ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ rò pé ó dájú bí ojúmọ́.

Òfin kékeré kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀: orí ìwé ni kí olùdíje kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí kí aago tó dúró. Bí kò bá rí i kọ, ó gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò kọ ọ́, bí àwọn méjèèjì bá sì mú ọ̀rọ̀ kan náà wá, wọ́n á fi ìwé han ara wọn.

Kí ló dé tí eré àwọn ọ̀jáfáfá fi máa ń dà bí pé kò sí ìjà níbẹ̀?

Nítorí pé àwọn méjèèjì ń rí ohun kan náà. Bí ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́jọ bá wà nínú lẹ́tà tí ó jáde, àwọn méjèèjì ti rí i. Bí ìṣirò bá ṣeé ṣe, àwọn méjèèjì ti ṣe é. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò rò pé wọ́n kàn ń pín máàkì láàárín ara wọn ni. Síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà, torí pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fo ohun kan kọjá ti ṣubú, kò sì sí ohun tí ó dá a lójú pé òun yóò tún rí àyè gbà á padà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí olùdíje bá gba mẹ́jọ nínú abala lẹ́tà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, 80 ni. Nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un ní 40, àlọ́ fún un ní 10, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 130. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́sàn-án kọ̀ọ̀kan yóò fi 10 kún un. Ní 2002, nígbà tí Julian Fell gba 146 nínú eré kan, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé abala tí ó fi ṣòfò nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí.

Èyí ni ó jẹ́ kí n máa sọ fún àwọn tí ó bá bi mí pé kí wọ́n má wo máàkì tí ó wà lójú pátákó nígbà tí àwọn àgbà bá ń díje. Abala tí máàkì wọn ti yàtọ̀ ni kí wọ́n kà. Ó lè jẹ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ méjì, nígbà mìíràn ọ̀kan ṣoṣo ni ó pinnu gbogbo rẹ̀.

Ṣé ẹni tí ó bá mọ Scrabble ta yóò mọ Countdown?

Ó ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Joyce Cansfield, tí ó gba sáà àkọ́kọ́, ti gba ife Scrabble ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Mark Nyman náà borí nínú Countdown, ó sì di akọni àgbáyé nínú Scrabble ní 1993, kódà ó ṣe olùgbéjáde ètò náà lẹ́yìn ìgbà náà. Nítorí náà ọ̀nà wà láàárín eré méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ohun tí eré kọ̀ọ̀kan ń san owó fún yàtọ̀. Nínú Scrabble, QI onílẹ́tà méjì lè gba máàkì rẹpẹtẹ bí a bá gbé e síbi tí ó yẹ. Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà tí ó na Lewis Mackay ní mẹ́rin sí òdo ní ìlú Perth ní 2015, tí ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gba ife àgbáyé, wá láti àárín àwọn òṣèré tí wọn kì í fojú kéré ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún. Lójú tiwọn, ó sàn kí a dí ojú ọ̀nà mọ́ alátakò ju kí a na ọ̀rọ̀ gbọọrọ lọ. Nínú Countdown, kò sí pátákó tí a lè dí. QI jẹ́ máàkì méjì, ó tán.

Ìwé wọn náà kò dọ́gba. Ìwé ọ̀rọ̀ Scrabble gba ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ti Oxford kò mọ̀ rí, nítorí náà ẹni tí ó bá ti Scrabble bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàgbé nǹkan kí ó tó kọ́ òmíràn. Gbígbàgbé yìí ni ó máa ń ṣòro jù.

Báwo ni àwọn ọ̀jáfáfá ṣe ń múra sílẹ̀?

Wọn kì í ka ìwé atúmọ̀-èdè láti A dé Z. Wọ́n máa ń kọ́ ìdílé lẹ́tà: bí A, E, I, N, R, S, T bá wà níwájú wọn, wọ́n ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà kan síi lè fi bí. Wọ́n á kọ́kọ́ fa ING, IEST, ERS tàbí ATION sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á wá wo ohun tí ó ṣẹ́kù. Ní ti nọ́ńbà, wọ́n a máa ha ìsọdipúpọ̀ 75 sórí bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ń ha ti 2 sórí: 225, 300, 375, 450, 525, 600, 675, 750.

Wọ́n sì máa ń dánra wò pẹ̀lú aago. Ẹni tí ó bá lè rí ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú méjì nínú yàrá rẹ̀ kò tíì múra. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, pẹ̀lú orin, pẹ̀lú iná kámẹ́rà lójú, ni ìdánwò.

Ìtàn 952 tí gbogbo ènìyàn ń sọ, kí ni ó ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ní 1997, olùdíje kan tí ń jẹ́ James Martin yan nọ́ńbà ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni 25, 50, 75, 100, 3 àti 6, iye tí a sì ń wá jẹ́ 952. Ó fi 6 kún 100, ó di 106. Ó sọ ọ́ di ọ̀nà 3, ó di 318. Ó sọ 318 di ọ̀nà 75, ó di 23,850. Ó yọ 50 kúrò, ó ku 23,800. Ó pín in sí ọ̀nà 25, ó jẹ́ 952 géérégé. Láti ọgọ́rùn-ún, ó lọ dé ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún ó lé, ó sì padà wálé, nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá.

Kì í ṣe idán. Ẹ wo ohun tí 25 ṣe níbẹ̀: 75 tí a pín sí ọ̀nà 25 jẹ́ 3, 50 tí a pín sí ọ̀nà 25 jẹ́ 2. Nítorí náà ìṣirò rẹ̀ gan-an ni 318 ní ọ̀nà 3, tí í ṣe 954, kí a sì yọ 2. Ìyẹn ni 952. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ pé àwọn nọ́ńbà ńlá lè yí padà di 2, 3 àti 4 báyìí kò ní láti gbé nọ́ńbà gọbọi kankan lórí.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, tí ó tutù jù lójú tèmi: 100 àti 3 jẹ́ 103, ní ọ̀nà 6 ó di 618, ní ọ̀nà 75 ó di 46,350, pín in sí ọ̀nà 50, ó di 927, fi 25 kún un.

Ṣé ó yẹ kí n pe ọ̀rọ̀ tí kò dá mi lójú?

Ó dá lórí ohun tí alátakò ti sọ. Ẹ gbà pé ó ti ní méje, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dára. Ẹ ní méje kan tí ó dájú àti mẹ́jọ kan tí kò dájú. Bí ẹ bá pe méje, ẹ pín in, kò sí ẹni tí ó ṣíwájú ẹnìkan. Bí ẹ bá pe mẹ́jọ tí ó sì wà nínú ìwé, ẹ fi 8 lé e; bí kò bá sí, ó fi 7 lé yín. Nítorí náà, bí ẹ bá rò pé ìdajì-ìdajì ni ó wà, ẹ pè é, nítorí èrè rẹ̀ fi díẹ̀ ju àdánù rẹ̀ lọ.

Bí alátakò bá ní mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Méje tí ó dá yín lójú kò ní fún yín ní nǹkankan mọ́, nítorí náà ẹ pe mẹ́jọ yẹn, kódà bí ẹ kò bá gbọ́ ọ rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn olùdíje tó gbọ́n ṣe ń fi ìtìjú pe méje níbi tí méje kò ti ní iye kankan.

Ti mẹ́sàn-án lágbára jù. Bí alátakò bá ní mẹ́jọ, tí ẹ̀yin náà ní mẹ́jọ tí ó dájú àti mẹ́sàn-án tí ẹ ń ṣiyèméjì lé lórí, èrè rẹ̀ jẹ́ 18, àdánù rẹ̀ jẹ́ 8. Bí ó bá ti lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, ó tó kí a pè é. Gbogbo èyí gbè sẹ́yìn ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ kejì. Ìdí nìyẹn tí yíyan lẹ́tà kò fi jẹ́ àǹfààní tó bí ojú ṣe ń rí i.

Nọ́ńbà ńlá mélòó ni ó yẹ kí n yàn?

Àwọn tó pọ̀ jù ń mú ńlá kan àti kékeré márùn-ún, torí pé ìṣirò rẹ̀ sábà máa ń yọrí. Ẹni tí ó ń ṣíwájú ni èyí dára fún: àwọn méjèèjì á gba 10, àlàfo wọn kò ní yí padà.

Ẹni tí ó bá wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ wá wàhálà. Kékeré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa ń le bí iye tí ẹ̀rọ gbé jáde bá ti wọ inú 800 lọ sókè. Ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní tirẹ̀, ní ẹ̀bùn kan tí àwọn òǹwòran kì í rí: ẹni tí ó bá yàn wọ́n ti mọ mẹ́rin nínú mẹ́fà kí wọ́n tó ṣí ohunkóhun, nítorí mẹ́rin náà ni ó wà. Kékeré méjì nìkan ni àjèjì. Ẹni tí ó bá ti fi oṣù mélòó kan dánra wò pẹ̀lú mẹ́rin yẹn nílé máa ń fi ibẹ̀ gba eré mọ́ ẹni tí kò dánra wò lọ́wọ́.

Ìgbà wo ni eré ti parí kí ó tó parí?

Bí àlàfo bá jẹ́ 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ó ku àlọ́ nìkan, ó ti parí. Bí ó bá jẹ́ 10 tàbí kí ó dín, àlọ́ ni yóò pinnu, àtọ́kùn á sì kéde rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á pa iná sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 10 gẹ́lẹ́ tí ẹni ẹ̀yìn sì já a, wọ́n dọ́gba, wọ́n á mú àlọ́ mìíràn wá.

Ẹni tí ó fi máàkì mẹ́fà ṣíwájú kò nílò láti já àlọ́ náà. Ohun tí ó nílò ni pé kí alátakò má já a. Síbẹ̀ kò lè jókòó kàwọ́ gbera. Ìdánwò tí ó le jù níbí ni ìka tí ó wà lórí bọ́tìnnì: ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ń pọ̀ọ́yì lórí rẹ̀, pé yóò kúkú yanjú kí òun tó lanu, máa ń rí i pé ẹnu òun ti là, ọ̀rọ̀ kò sì sí níbẹ̀.

Ṣé a lè ṣe irú ètò yìí ní èdè Yorùbá?

A lè ṣe é, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà. Èdè wa kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì léra wọn, ọ̀rọ̀ wa sì fẹ́ràn láti fi fáwẹ̀lì parí, nítorí náà lẹ́tà mẹ́sàn-án tí fáwẹ̀lì mẹ́ta péré wà nínú rẹ̀ yóò há sí gbogbo ènìyàn lọ́fun. Ẹ wo ìbánisọ̀rọ̀: lẹ́tà mẹ́sàn-án gẹ́lẹ́, fáwẹ̀lì márùn-ún, kọ́ńsónáǹtì mẹ́rin. Márùn-ún yẹn ni yóò jẹ́ ìlànà. Orí káàdì kan ṣoṣo ni GB yóò sì wà, nítorí lẹ́tà kan ni. Àgbàlagbà yóò wá jẹ́ máàkì méje, kì í ṣe mẹ́sàn-án.

Àmì ohùn ni wàhálà kejì. Bí káàdì bá gbé ọ, k àti ọ jáde láìsí àmì, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ni gbogbo wọn wà níbẹ̀, olùdíje kò sì ní láti yan ọ̀kan. Bí a bá kọ àmì sórí káàdì, káàdì yóò pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Èrò mi ni pé kí lẹ́tà wà láìsí àmì, kí olùdíje pe ohùn rẹ̀ fún adájọ́ pẹ̀lú ẹnu.

Ní ti ìṣirò, kò sí ohun tí a fẹ́ kọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ń ka 35 ní márùn-ún dín nínú ogójì ti ń yọ nǹkan kúrò láti kékeré. 952 tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yẹn, ẹgbẹ̀rún ó dín méjìdínláàádọ́ta ni à ń pè é, ìyọkúrò méjì sì ti wà nínú orúkọ rẹ̀ kí aago tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí n kò tíì rí ojútùú sí ni àga Susie Dent: bí olùdíje bá so ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀ ní ojú ẹsẹ̀, tí gbogbo ilé sì gbọ́ ọ yé, ìwé wo ni adájọ́ yóò ṣí láti sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀?